Àròkọ Kíkọ àti Ẹni tí Kò Sí Níwájú Wa



Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí, kò sí èyí tí a ń jiyàn lé lórí ní yàrá ìsùn tó iṣẹ́ àròkọ. Ìṣirò ní ìdáhùn kan. Bí ènìyàn bá rí i, ó rí i náà nìyẹn. Ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ní ìwé tí a lè ṣí wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá kọ àkọlé kan sí ojú pátákó, bí "Ọjà Ìlú Wa" tàbí "Ọjọ́ tí Òjò Rọ̀", tí ó sì ní kí a kọ ojú ìwé méjì, olúkúlùkù a máa wo ìwé òfìfo, ìwé òfìfo a sì máa wo òun náà. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kó ohun tí a ti rí kọ́ nínú kíláàsì àròkọ jọ sí ojú kan, kí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè rí i lò, kí àwọn tí wọ́n sì ń múra àtijáde lọ kọ́ àwọn ọmọdé lè bá wa ronú sí i.

Ohun kan ni a fẹ́ wí, òun náà sì ni pé ẹni tí ń kọ̀wé ń bá ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo òfin tí a ń kọ́, ìbáà ṣe ti àmì, ìbáà ṣe ti ètò, ìbáà ṣe ti àtúnkọ, láti ara ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n ti yọ. Ẹni tí ó bá di èyí mú kò ní í kó òfin sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́. Yóò mọ ìdí tí a fi ṣe é.

I. Ẹnu Kò Jọ Gègé

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tí kò ì tíì pé ọdún mẹ́wàá yóò pa àlọ́ ìjàpá níwájú ìyá rẹ̀ lálẹ́. Yóò máa ránmú nígbà tí ó bá kan ọ̀rọ̀ ìjàpá, yóò dìde fi bí ajá ti sá hàn, gbogbo ilé yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ fún ọmọ náà ní gègé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ ní kí ó kọ àlọ́ kan náà. Ohun tí yóò kọ lè má ju ìlà mẹ́fà lọ: ìjàpá wà, ajá wà, wọ́n lọ jí iṣu, ajá sá lọ, wọ́n mú ìjàpá, ó parí. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

Ìyókù kò sí nínú ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú ohùn ọmọ náà ni ó wà, àti ojú rẹ̀, àti ọwọ́ rẹ̀, àti ẹnu àwọn tí ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń bi í pé, "Kí ni ajá wá ṣe?" Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní olùrànlọ́wọ́ púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé wa, a ó fa ojú ro, yóò sì tún un sọ. Ìwé kò mọ ìgbà tí òǹkàwé fa ojú ro.

Èyí ni ó fà á tí ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin fi ń kọ ohun tí kò ní iyọ̀. Kì í ṣe pé kò ní ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún un pé àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò ní bá ìwé náà lọ. Bí a bá ń dàgbà nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí ìdàgbà náà jẹ́ ni pé a ń kọ́ bí a ó ti fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe iṣẹ́ tí ohùn, ojú àti ọwọ́ ti ń bá wa ṣe láti kékeré.

II. Àrokò Ṣáájú Àròkọ

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ti mọ bí a ti ń bá ẹni tí kò sí nítòsí sọ̀rọ̀. Àrokò ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn lè so owó ẹyọ mọ́ okùn, kí ó fi rán ẹnìkan. Bí ẹyọ méjì bá kọjú sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ àti ìfẹ́ àtirí ara ẹni ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìyapa ti dé. Ẹyọ mẹ́fà, nítorí pé ẹ̀fà ni, ń wí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí. Ẹyọ mẹ́jọ, nítorí pé ẹ̀jọ ni, ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, kò sí àríyànjiyàn láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó gbé àrokò lọ́wọ́ lè má mọ ohun tí ó gbé. Ẹni tí ó so ó sì wà ní ilé rẹ̀, kò lè sáré tẹ̀ lé e láti wí pé, "Ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn." Nítorí náà, kí ó tó so okùn, ó ní láti fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí yóò tú u. Kí ni onítọ̀hún yóò kọ́kọ́ rí? Ǹjẹ́ okùn yìí le tó, tí àwọn ẹyọ kò fi ní í yí ẹ̀yìn padà lójú ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ má baà di ọ̀rọ̀ ìjà?

Àrokò àti àròkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn wọn sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn jọ ara wọn. Orúkọ àròkọ pàápàá ti fi ètò hàn wá: ohun tí a rò kí a tó kọ ni. Ìdí nìyí tí olùkọ́ wa kì í fi í jẹ́ kí a fọwọ́ kan gègé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. A ó jókòó jẹ́ẹ́, a ó sì bi ara wa léèrè pé: Ta ni yóò ka ìwé yìí? Kí ni ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ni a fẹ́ kí ó kù sí i lọ́kàn nígbà tí ó bá pa ìwé dé? Ẹni tí ó bá dá ìbéèrè wọ̀nyí lóhùn, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

III. Ohun tí Ojú Rí

Ẹ jẹ́ kí a mú àkọlé tí gbogbo wa mọ̀, èyí nì ni "Ọjà Ìlú Wa". Ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń kọ ọ́ báyìí:

"Ọjà ìlú wa tóbi, ó sì dára púpọ̀. Ọrọọrún ni a ń ná an. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó ń wá síbẹ̀, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n sì ń tà. Inú mi máa ń dùn nígbà tí mo bá lọ sí ọjà."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi tàdáwà pupa fa ìlà sí nídìí. Síbẹ̀, ọjà wo ni? Bí a bá yọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ kúrò, ará Ìlọrin lè wí pé ọjà tòun ni, ará Ìjẹ̀bú-Òde náà lè wí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ bí "dára" àti "tóbi" àti "oríṣiríṣi" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti rí nǹkan, tí ó wá ń sọ èrò rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kò tíì bèèrè èrò wa. Ojú wa ni ó fẹ́ yá. Nísinsìnyí ẹ wo èyí:

"Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bu èlùbọ́ kún kóńgò, ó fi ọwọ́ òsì ká ẹnu rẹ̀ bí ẹni ṣọgbà, ó sì ń bù sí i títí ó fi ga ṣóńṣó. Oníbàárà kò gbé àpò. Ó ń wò ó. Ìyá náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó ní, 'Èènì rẹ nìyẹn. Àwọn ọmọ tèmi náà yóò jẹun lálẹ́.' Nígbà náà ni oníbàárà tó la ẹnu àpò."

Nínú àyọkà kejì yìí, kò sí ẹni tí ó wí pé ọ̀nà àtijẹ le, tàbí pé àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn pẹ́, tàbí pé ọgbọ́n wà nínú ọjà títà. Òǹkàwé rí gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ènìyàn sì fi ojú ara rẹ̀ rí, a kì í fi agbára mú un gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Àwọn kan gbọ́ pé kí a fi nǹkan hàn, wọ́n sì ka ogún nǹkan tí wọ́n rí ní ọjà tẹ̀ léra: ata, tòmátò, àlùbọ́sà, ẹja, aṣọ, ìkòkò, títí dé òpin ojú ìwé. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí "oríṣiríṣi"; gígùn ni ó fi jù ú lọ. Kóńgò èlùbọ́ kan ṣoṣo tó, bí a bá yàn án nítorí pé ó gbé ohun tí a fẹ́ sọ. Yíyàn yìí ṣòro ju rírí lọ, òun ni ó sì ń gba àkókò wa jù nínú kíláàsì. Ìbéèrè tí olùkọ́ wa ń bi wá nípa gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni pé, "Bí mo bá pa èyí rẹ́, kí ni òǹkàwé yóò pàdánù?" Bí kò bá pàdánù ohunkóhun, a ó pa á rẹ́, ìbáà dùn bí oyin.

IV. Àmì Orí àti Àmì Abẹ́ Ọ̀rọ̀

Ọmọ ilé-ìwé púpọ̀ ka àmì sí wàhálà tí olùkọ́ fi ń dá ènìyàn lágara. Àmì ni ohùn ẹni tí kò sí nítòsí. Ẹ wo gbólóhùn kúkúrú yìí tí a kò fi àmì kankan sí: "Baba ra oko." Ṣé ọkọ̀ ni baba rà tí yóò máa gbé èrò, tàbí ọkọ́ tí yóò fi ro ilẹ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń lò, tàbí oko kòkó? Ẹni tí ó sọ ọ́ lẹ́nu kò ṣì wá lọ́nà, nítorí pé ohùn rẹ̀ ti pín wọn níyà kí a tó ronú. Lórí ìwé, bí a kò bá kọ ohùn náà sílẹ̀, a ti jí i gbé mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé èdè wa sórí ìwé mọ èyí dájú. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ní ọdún 1875, ìpàdé kan jókòó ní Èkó lórí ọ̀nà tí ó yẹ kí a máa gbà kọ èdè yìí. Àwọn àgbàlagbà tí iṣẹ́ ìjọ àti ti ilé-ìwé wà lọ́rùn wọn ni wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti àmì. Wọn kò ka ọ̀rọ̀ náà sí eré, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn tí yóò ka ìwé náà yóò pọ̀ ju àwọn tí yóò lè bèèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ àwọn lọ. Ọ̀nà ìkọ̀wé ti yí padà láti ìgbà náà wá: wọ́n ń kọ "aiye" àti "enia", àwa ń kọ "ayé" àti "ènìyàn". Bí ọ̀nà bá yí, ìdí rẹ̀ kò yí. Nígbà tí a bá ń fi àmì sí ọ̀rọ̀, kí a máa rò pé ẹnìkan wà ní ọ̀nà jíjìn tí ó ń tẹ́tí.

V. Òwe Pípa nínú Àròkọ

Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa, ṣùgbọ́n ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù ni òwe wí. Ẹni tí ó fi òwe mẹ́ta ṣí ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀ ti di ẹṣin mẹ́ta ní gàárì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó sọnù.

Ẹ fetí sí àgbà nígbà tí ó bá ń parí ìjà. Yóò gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjèèjì tán, yóò sì dákẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́ mọ́ ara wọn tí kò sí ẹni tí ó mọ orí rẹ̀ mọ́, nígbà náà ni yóò pa òwe kan ṣoṣo, ojú gbogbo wọn yóò sì là. Bí ó bá kan ọmọdé láti pa á, yóò kọ́kọ́ tọrọ ààyè pé, "Tótó ó ṣe bí òwe," àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Lórí ìwé, kò sí àgbà tí yóò fún wa ní ààyè. Ọ̀wọ̀ tí ó kù tí a lè bù fún òwe ni pé kí a má pa á àfi níbi tí iṣẹ́ wà fún un, kí a sì pa á pé, láìgé e lẹ́sẹ̀.

VI. Èdè Méjì ní Ọwọ́ Kan

Èdè méjì ni a fi ń kọ àròkọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, èkíní-kejì sì ní ohun tí ó ń kọ́ wa. Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa láti pín ọ̀rọ̀ sí ìpín-ìpín, kí ìpín kọ̀ọ̀kan gbé èrò kan dé ibi tí ó ń lọ. A kò ní í sẹ́ oore náà. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀: gbólóhùn tí a rò ní Gẹ̀ẹ́sì, tí a wá wọ̀ ní agbádá Yorùbá. "A ní àkókò tí ó dára ní ibi ìgbéyàwó náà." Ta ni ń sọ̀rọ̀ báyìí ní ilé wa? Ìyá wa yóò wí pé, "Ìgbéyàwó náà dùn, a jẹ, a mu, ẹsẹ̀ kò gbèrò." "Mo wà nínú ìbànújẹ́ ńlá nípa ọ̀rọ̀ rẹ." Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn yóò wí pé, "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí dé egungun."

Ọ̀nà tí a fi ń dá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mọ̀ rọrùn. Nígbà ọlidé, kí a ka àròkọ wa sí etí ìgbọ́ ẹnìkan nílé tí kò lọ sí ilé-ìwé rí, kí a sì máa wo ojú rẹ̀. Bí ó bá ní, "Kí lo wí?" kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó mú un bèèrè. Etí rẹ̀ ni ó dá àlejò mọ̀.

VII. Àtúnkọ

Ní kíláàsì wa, nígbà tí a bá kọ àròkọ tán, a kì í kọ́kọ́ gbé e fún olùkọ́. A ó pààrọ̀ ìwé ní méjì-méjì. Ẹni tí ó gba ìwé yóò kà á sókè bí ó ti rí, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì jókòó tì í. Òfin kan ṣoṣo ni a fún un: kò gbọdọ̀ la ẹnu. Bí òǹkàwé bá kọsẹ̀ níbìkan, yóò fi àmì sí i. Bí ó bá fi ohùn ọ̀fọ̀ ka ohun tí a kọ láti fi pani lẹ́rìn-ín, kí ó máa kà á lọ bẹ́ẹ̀. Ìyà ni ìdákẹ́ yìí jẹ́, a sì ti rí ẹni tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mú. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ènìyàn máa ń rí ìwé rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀ yóò ti rí i. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ tún un kọ, olùkọ́ yóò sì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àtúnkọ jẹ́ ìjìyà fún aláìmọ̀. Ìtàn kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ jóná, àti díẹ̀ nínú àwọn ìwé tí ó ti túmọ̀. Kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni Samuel Johnson, tí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà. Ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, èyí tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ní ọdún 1897. A fi í ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní ọdún 1901, kò rí ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún gbogbo rẹ̀ tò láti inú àkọsílẹ̀ àti àkọ́kọ ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí ó fi í ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ogun ń jà, àwọn ará Jámánì sì gba ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah náà ti kú ní ọdún 1920.

A lè rí i kọ́ nínú èyí pé kí a má ṣe ju àkọ́kọ ìwé wa nù, nítorí a kò mọ ọjọ́ tí a ó tún wá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù ni ti àkọsílẹ̀ Samuel Johnson. Ó kọ ọ́ yékéyéké tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi lè tẹ̀ lé e nígbà tí òun kò sí láàyè mọ́ láti dáhùn ìbéèrè kankan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun púpọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ìbá bá a wọ inú ibojì lọ.

VIII. Iṣẹ́ tí Ó Ń Dúró Dè Wá

Ẹnìkan lè wí pé, "A kò wá síbí láti di òǹkọ̀wé, a wá láti di olùkọ́." Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe ní ìlú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ ìwé sí àwọn ọmọ wọn ní ìdálẹ̀. Ìyá kan á wá, á jókòó sórí àpótí, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé àgbàdo tí ó gbìn ti gbó, kò sì sí ẹni tí yóò ká a." Olùkọ́ tí ó fẹ́ fi ìwé hàn lè kọ pé, "Mo fi ayọ̀ ńlá kọ ìwé yìí sí ọ, mo sì ní ìrètí pé yóò bá ọ nínú ìlera pípé." Ọmọ yóò ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀ ní ìlú òkèèrè, kò sì ní í rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Kò ní í mọ̀ pé ìyá ń pè é wálé. Nítorí àìmọ̀wé ìyá ni ó ṣe fi ohùn rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Bí olùkọ́ bá fi ohùn ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó ti jẹ gbèsè tí kò sí ẹni tí yóò sìn ín, nítorí ẹni tí ó jẹ ní gbèsè kò lè ka ìwé náà.

Ohun kan náà ni yóò wà láàárín àwa àti àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́. Ọmọ tí ó ń pa àlọ́ tí ilé ń rẹ́rìn-ín yẹn yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá ní kí ó kọ nípa ìrìn-àjò lórí òkun tí kò rí rí, yóò kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí a bá ní kí ó kọ bí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní ilé wọn, ó ní ohun tí yóò sọ: bíbó ẹ̀gẹ́, rírin ín, dídì í sí àpò fún omi láti ro, sísẹ́ ẹ, yíyan án. Yóò sì rí i fúnra rẹ̀ pé bí òun bá fi yíyan ṣáájú sísẹ́, ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìwé òun kò ní í rí gàrí jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọmọdé ní ètò. Kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu kí ó tó kọ ọ́, kí ọmọ mìíràn sì kà á.

Ní ti tàdáwà pupa, kí a lò ó bí iyọ̀. Ìwé tí ó pupa láti òkè dé ilẹ̀ kò kọ́ ọmọ ní nǹkan ju pé kí ó kọ díẹ̀ nígbà mìíràn, kí àṣìṣe má baà pọ̀. Kí a mú ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kan, kí a tọ́ka sí i, kí a sì kọ gbólóhùn kan tí ó dára nínú ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ mọ̀ pé ẹnìkan ka ọ̀rọ̀ òun.

Gègé èdè Yorùbá ti pẹ́ ní ọwọ́ olùkọ́ ilé-ìwé. D. O. Fágúnwà gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Saint Andrew ní Ọ̀yọ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1896. Ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ ni ó wà nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. J. F. Ọdúnjọ náà ṣe olùkọ́ kí ó tó kọ àwọn ìwé kíkà tí ó sọ ní Aláwìíyé, orúkọ náà nìkan sì tó kókó fún kíláàsì àròkọ: ẹni tí ó wí i, tí ó sì yé ni. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò kọ ìwé tí a ó tẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni kan nínú wa tí kò ní í dúró níwájú ọmọ kan tí ó di gègé mú tí kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a dá ìmọ̀ràn kan fún ọ̀sẹ̀ yìí. Kí olúkúlùkù kọ ojú ìwé kan nípa iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó mọ̀ láti ilé. Kí ó fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà kà, kí ó sì dákẹ́. Ibi tí òǹkàwé bá ti kọsẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ.